Ògiri Tó Fẹ́ Sọ Ẹnì Kan Di Ẹ̀gbọ́n

Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí ìjà ta-ni-ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín Ọmọ Ọ̀gá àti Kíákíá. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti ń fà á láti ìgbà tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Wọ́n ti wá di bíríkìlà tó gbó ṣáṣá báyìí, ìkan wà nílé ọkọ, ìkejì ti láya, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ọmọ Ọ̀gá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Bíríkìlà bí. Ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti rákòrò, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ìrìn. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ìwọ̀n mọ́ ìṣó. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù, àwọn kan yínmú sí i pé kí lobìnrin ń wá nídìí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n pa ẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé ògiri tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, béèyàn gbé ẹyin lé e lórí, kò ní yí.

Kíákíá ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì ga ju tábìlì lọ. Bàbá Bíríkìlà ló mú un wálé pé kó wá kọ́ṣẹ́, kó sì máa jẹun. Kò mú ìwé ọjọ́ ìbí kankan wá. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìbí ara rẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọdún tí òjò pọ̀ lòun bí i. Ọdún tí òjò pọ̀ yẹn náà ni wọ́n bí Ọmọ Ọ̀gá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

"Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n bí mi," Ọmọ Ọ̀gá á wí.

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n bí èmi," Kíákíá á dáhùn. "Èmi ni mo gbọ́ ààrá àkọ́kọ́."

Bí wọ́n bá bi Bàbá léèrè, Bàbá á wúkọ́, á ní kẹ́nì kan bá òun bu omi wá. Nítorí náà, "ìwọ" làwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ fi "ẹ" kan ṣoṣo bu ọlá fún ẹnìkejì. Gbogbo nǹkan ló sì di ìdíje láàárín wọn: ta ló kọ́kọ́ jẹun tán, ta ló lè gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan, ta ni ìró òòlù rẹ̀ dùn jù. Èsì rẹ̀ kò bára mu rí. Bí Kíákíá bá ní òun ti borí nígbà ọgọ́rùn-ún, Ọmọ Ọ̀gá á ní ọgọ́rùn-ún náà lòun náà ní, ó sì ku ti àná tí òun kò tíì kà mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá wó ọgbà ẹ̀yìn ilé-ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin gíga kan tó máa ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé Bàbá Bíríkìlà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù káwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, òun kò sì fẹ́ káwọn ọmọ máa gba ẹ̀yìn sá lọ nígbà tí ìṣirò bá dé.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì á bá yín kọ́ ọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n dé ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ ògiri àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, kò yẹ̀. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ni gígùn rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí títí dé etí gọ́tà. Búlọ́ọ̀kù ti wà ní títò, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ti dé. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló fẹ́ máa po sìmẹ́ǹtì fún wọn. Nǹkan kékeré kì í pẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, bó bá sì bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ ńlá yẹn á máa mì bí àpò tí wọ́n di ológbò sí.

Kíákíá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó ka ọgbọ̀n, ó ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ láàárín.

"Kí nìyẹn?" Ọmọ Ọ̀gá béèrè.

"Ibi tí ọ̀rọ̀ á ti parí nìyẹn. Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, kí o bẹ̀rẹ̀ láti etí gọ́tà. Ìlà mẹ́fà sókè, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹni tí ògiri rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan igi yìí, òun ni ẹ̀gbọ́n."

Ọmọ Ọ̀gá wo igi náà. Inú rẹ̀ ti dùn, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn lójú. "Fún ìgbà wo?"

"Títí láé."

"Títí láé á wúwo jù fún ọ láti rù. Jẹ́ ká fi mọ sí ọdún kan, kí o má baà máa sunkún."

"Ọdún kan, ó dáa. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ni 'ẹ' máa wà níbẹ̀ o. Ẹ káàárọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Níwájú ìyàwó rẹ."

"Àti níwájú ọkọ tìrẹ."

Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín pọ̀. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ bí iṣẹ́ ẹnì kan ṣe ń lọ fún ẹnìkejì, kò gbọ́dọ̀ dá sí ohunkóhun, kó ṣáà máa po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ti gbọ́, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó gbé ṣọ́bìrì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Kíákíá fò síwájú. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ rí: á ju sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, á gbé búlọ́ọ̀kù lé e, á gbá a lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti nawọ́ sí òmíràn. Ọmọ Ọ̀gá kì í sáré bẹ́ẹ̀. Á na okùn, á gbé igi ìwọ̀n olómi lé búlọ́ọ̀kù lórí, á dúró kí omi inú rẹ̀ dúró kó tó lọ sí èyí tó kàn. Nígbà tó di ọ̀sán, Kíákíá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìgbín láti òdìkejì, pé ìgbín ń lọ sódò, odò ti gbẹ kó tó dé. Ọmọ Ọ̀gá ń gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín sí búlọ́ọ̀kù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún okùn rẹ̀ fà.

Lọ́jọ́ kejì, ó jí kí àkùkọ tó kọ, ó sì fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn láìbá a sọ ju "ó dàbọ̀" lọ. Ó fẹ́ to ìlà kan sí i kí Kíákíá tó jí. Nígbà tó dé ọgbà ilé-ìwé, Kíákíá ti jókòó lórí òkìtì yanrìn, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Oorun kò kùn ọ́?" Kíákíá béèrè.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi, mo kàn wá wo bóyá ògiri mi sùn dáadáa ni."

Ó gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó sì na ìdajì sí i. Ọmọ Ọ̀gá gbà á. Bó ṣe gbé ti inú ẹnu mì báyìí, ó sáré lọ sídìí iṣẹ́, Kíákíá náà sì fò dìde.

Láti ìgbà yẹn ni àrékérekè wọ̀ ọ́. Ọmọ Ọ̀gá kígbe pé ọ̀gá ilé-ìwé ń pe Kíákíá. Kíákíá sáré dé ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, ìyá náà ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, àmọ́ bó ti wá yẹn, kó bá òun gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan sún mọ́ ògiri. Ìdajì wákàtí ló fi bá kọ́bọ́ọ̀dù náà jìjàkadì. Nígbà tó padà, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, irin tí Ọmọ Ọ̀gá fi ń bu sìmẹ́ǹtì pòórá. Ó wá a, kò rí i, ó wá fi ọwọ́ lásán tẹ́ sìmẹ́ǹtì títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó fẹ́ bu omi fọwọ́ ló rí irin náà nísàlẹ̀ gárawà omi rẹ̀, ó mọ́ fínnífínní.

Ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n fura sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà díẹ̀ láti ilé ìkẹ́rùsí lọ sí gọ́tà. Bí Kíákíá ṣe ń bọ̀ láti òkè, ilẹ̀ ń sá fún un, ó sì ń fi sìmẹ́ǹtì tó ki dí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Bí Ọmọ Ọ̀gá ṣe ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ń gòkè wá pàdé rẹ̀, ó sì ń fi òòlù gé ìdí búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Oníkálukú rò pé ilẹ̀ ìhà tòun ló lórí kunkun. Bí wọ́n bá ti béèrè lọ́wọ́ ara wọn ni, ọ̀rọ̀ náà kò ní gba ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ta ló fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a du ipò ẹ̀gbọ́n?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó ku búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan fún wọn. Kíákíá kò kọrin mọ́. Òógùn ti wọ Ọmọ Ọ̀gá lójú, kò sì ráyè nù ún. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ méjèèjì sì kan igi náà pọ̀, ni igi náà bá ṣẹ́.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kàn án," Kíákíá wí.

"Ìka mi ló wà lábẹ́ tìrẹ. Báwo ni tìrẹ ṣe fẹ́ kọ́kọ́ dé?"

Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín kó wá dájọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sídìí yanrìn, inú rẹ̀ ń mì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìka ló fi tọ́ka sí ògiri.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wo ògiri. Láti àárọ̀, igi nìkan ni ojú wọn wà lára rẹ̀. Ìlà Kíákíá wá láti òkè, ó tọ́ gbọọrọ. Ìlà Ọmọ Ọ̀gá wá láti ìsàlẹ̀, ó tọ́ gbọọrọ. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti pàdé, ti Kíákíá fi ìka mẹ́rin ga ju ti Ọmọ Ọ̀gá lọ, bí ẹnu àgbàlagbà tí eyín òkè rẹ̀ kò bá tìsàlẹ̀ mu.

"Ìgbà wo lo ti rí i?" Ọmọ Ọ̀gá bi Ẹlẹ́rìn-ín.

"Láti àná." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣáà ní kí n má dá sí i."

Ọmọ Ọ̀gá gbé igi ìwọ̀n lé ti ara rẹ̀, omi inú rẹ̀ dúró sáàárín. Ó gbé e lé ti Kíákíá pẹ̀lú ìrètí pé yóò yẹ̀. Omi náà dúró sáàárín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ẹni tó yẹ kó wó tirẹ̀, ohùn sì ti ń ròkè nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé jáde síta pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ìyá náà wo ògiri náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú.

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí nìyí?" ó béèrè.

Wọ́n rán Ẹlẹ́rìn-ín lọ pe Bàbá.

Bàbá dé, ó di apá Ẹlẹ́rìn-ín mú. Kò wo ògiri náà, nítorí ojú rẹ̀ kò lè sọ nǹkan púpọ̀ fún un mọ́. Ọwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ láti etí gọ́tà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni ń ra ẹ̀yìn ẹṣin, títí ó fi dé àárín. Ọwọ́ rẹ̀ kọlu ìka mẹ́rin náà. Ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú títí dé ilé ìkẹ́rùsí, ó sì padà wá.

"Ọmọ mi, tìrẹ tọ́," ó wí. "Kíákíá, tìrẹ náà tọ́. Ògiri nìkan ni kò tọ́."

Ọmọ Ọ̀gá ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Èyí tó gbọ́ yìí dùn ún ju ìbínú lọ.

"Ẹ dákun, òpó àárín ńkọ́?" Bàbá béèrè, bí ẹni pé òun ni oníbàárà. "Ọgbà tó gùn tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀, ta ló yẹ kó ṣe òpó rẹ̀?"

Kíákíá wo Ọmọ Ọ̀gá. Ọmọ Ọ̀gá wo bàtà rẹ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ wọn ni pé ọgbà gígùn tí kò lópó, atẹ́gùn ló ni ín. Ògiri tó wó yẹn gan-an, àìlópó ló pa á. Àárín ni òpó ń wà, àárín náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń sáré bọ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé ohun kan yẹ kó dúró níbẹ̀ ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

"Mo rò pé òun ló máa ṣe é," Kíákíá wí ní ohùn kékeré.

"Èmi náà rò pé òun ni," Ọmọ Ọ̀gá wí.

Bàbá ní wọn kò ní wó ògiri kankan. Kí wọ́n tú búlọ́ọ̀kù ìparí ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n fi irin sí i, kí wọ́n da òpó kọnkéré sáàárín kó gbá apá méjèèjì mú. Òpó á bo ibi tí ìlà kò ti bára mu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi kọnkéré ìka mẹ́rin gbé orí ìhà ìsàlẹ̀ sókè kó bá tòkè dọ́gba.

Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè ohun tí ìdíje náà dá lé. Ẹlẹ́rìn-ín ló ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́, títí dórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ìyá náà kò yí padà. "Ó dáa," ó wí. "Nílé-ìwé yìí, bí ọmọ méjì bá jọ gba òdo, ìyà kan náà ni wọ́n ń jẹ. Títí iṣẹ́ yìí á fi parí, ẹ̀gbọ́n lẹ ó máa pe ara yín, ẹ̀yin méjèèjì. Fèrèsé mi á wà ní ṣíṣí. Mò ń gbọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Òpó kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ti pákó mọ́ ògiri kí ẹnìkejì tó kàn án, bí ẹni tó ń kàn án kò bá sì sọ ibi tí ìṣó máa gbà, ó lè gba ẹ̀yìn ẹni tó dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sápá òsì díẹ̀," Kíákíá á wí, á sì gbójú sí fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sún. Ẹ kàn án, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ẹlẹ́rìn-ín kò lè po sìmẹ́ǹtì dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì ó ti mọ́ ọn lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí Ọmọ Ọ̀gá fi èjìká ti pákó tí Kíákíá sì ń da kọnkéré sínú òpó, Ọmọ Ọ̀gá bi í léèrè ohun tí kò bi í rí.

"Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ká yín lára tó bẹ́ẹ̀?"

Kíákíá fi irin gún kọnkéré náà kó lè wọlé dáadáa. "Nígbà tí mo dé ilé yín, kò sí ẹni tó jẹ́ tèmi. Mo wá rò ó pé bí mo bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan, wọn kò ní lè lé mi lọ. Èèyàn kì í lé ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ kúrò nílé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ló ń ṣe mí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọmọ Ọ̀gá ronú sí i. "Èmi, mo kàn ń wá àbúrò tí n ó máa rán níṣẹ́ ni."

Kíákíá rẹ́rìn-ín títí kọnkéré fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Kíákíá kọ́kọ́ sọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ jẹun nínú àwo kan náà, kò fìgbà kan rò ó pé ẹnì kan ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun. Nígbà tí wọ́n jókòó sinmi, ó bu omi, ó sì kọ́kọ́ gbé e fún un kó tó mu tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé orí ìhà ìsàlẹ̀ sókè. Ìhà Ọmọ Ọ̀gá ni, Kíákíá sì lè jókòó kó máa wò ó. Kò jókòó. Ó gbé ìpẹ̀kun okùn kan dání, Ọmọ Ọ̀gá gbé ìkejì, wọ́n jọ ń da kọnkéré, wọ́n jọ ń tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ tí wọ́n rò pé á wọ òru, ó parí kí oòrùn tó yí. Ó ya àwọn méjèèjì lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sáré, wọn kò yára tó báyìí rí.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó. Ó fi ọwọ́ tì í, ó fi èjìká tì í, kò mì. Ó ní ó dáa ju èyí tó wó lọ, ìyà sì ti parí, kí wọ́n máa pe ara wọn bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," Kíákíá wí. Ó yíjú sí Ọmọ Ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ ká kó irinṣẹ́."

Kò mọ̀ pé òun tún ti fi "ẹ" sí i. Ọmọ Ọ̀gá kò sì tún un ṣe fún un.

Bàbá ti jókòó sábẹ́ igi láti ọ̀sán, ó ní òun kò ní gun nǹkan kan lọ sílé, ẹsẹ̀ lòun fẹ́ fi rìn. Ọmọ Ọ̀gá di apá rẹ̀ ọ̀tún mú, Kíákíá di apá òsì. Bàbá ń rìn bí ẹni ń ka ẹyin, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan," Bàbá bẹ̀rẹ̀, láìsí ẹni tó bi í, "a jọ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nígbà tí a ṣì lágbára. Òun ń kọ́ òkè, èmi ń kọ́ àtẹ̀gùn níta. A fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ parí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣe é, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí."

"Ẹ borí nìyẹn," Kíákíá wí.

"Mo borí. Àtẹ̀gùn mi parí sójú fèrèsé."

Ọmọ Ọ̀gá dúró. "Bàbá, kí ni onílé wá ṣe?"

"Ó ń gba fèrèsé wọlé. Odidi ọdún mẹ́ta. Bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ sókè."

Ẹ̀rín mú Kíákíá débi pé ó fi ọwọ́ kan di orúnkún mú. Ọmọ Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún, àwọn tó ń kọjá sì ń wẹ̀yìn wò wọ́n. Ọmọ Ọ̀gá nu omijé ojú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ yín náà ńkọ́? Ṣé ẹ tún jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ta ni ìbá tún gbà wá síṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?" Bàbá wí. "A jọ ṣe é títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni. Ibi tí mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti rí ìyá rẹ, tó ń fẹ́ná."

Ó fa apá àwọn méjèèjì díẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, ebi ń pa òun, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.